Ẹjọ́ Owó Oúnjẹ: Ìmúra Tọkọtaya Kí Wọ́n Tó Dé Iwájú Alùkáálì

  

   

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Àáfà, kí ló kan ẹjọ́ kóòtù nínú wáàsí Ramadan?" Ó kàn án púpọ̀. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, obìnrin kan ń gbọ́ mi tí kò mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi ṣínu, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Ọkùnrin kan náà ń gbọ́ mi tí akọ́dà kóòtù ti mú ìwé ìpẹ̀jọ́ wá fún, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Nafaka, ẹ̀tọ́ ni

Oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé aya, ọrùn ọkọ ni Sharia gbé wọn kọ́. Kì í ṣe sàárà, kì í ṣe ojúàánú. Ní Súrà 65, aaya 7, Ọlọ́hun pàṣẹ kí olówó ná ní ìwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí arísìkí rẹ̀ mọ níwọ̀n náà ná ní ìwọ̀n ohun tí a fún un. A kò ní di ẹrù tí ó ju agbára ẹni lọ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe ro ti aya, tí Ó sì ro ti ọkọ, nínú aaya kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí obìnrin fẹjọ́ sùn. Hind ọmọ Utbah, ìyàwó Abu Sufyan, lọ bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW), ó ní ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun ní ohun tí ó tó òun àti ọmọ. Ànábì kò bá a wí. Ó yọ̀ǹda fún un kí ó mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ìwọ̀n tí yóò tó òun àti ọmọ rẹ̀, ní ọ̀nà tí ó dára. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn: ìwọ̀n tí ó tó.

Àṣìṣe tèmi

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù, kó má tú àṣírí ilé. Ó tún padà wá, mo tún ní kó ṣe sùúrù. Ọdún méjì kọjá báyìí. Ó jẹ gbèsè lọ́jà, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà kúrò ní ilé-ìwé, ó ń kiri ẹ̀kọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé kóòtù, ọkọ ní òun ń fi owó rán èèyàn sí i lóṣooṣù. Alùkáálì bi obìnrin náà pé, "Ta lo fẹjọ́ sùn látijọ́ yìí?" Ó nawọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ará mi, ojú tì mí. Nínú ìwé Mukhtasar ti Sheikh Khalil, tí àwa ọmọ kéú mazhab Imam Malik máa ń kà, ìdájọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọkọ tí ó wà ní òkèèrè bá ní òun fi nafaka ránṣẹ́, tí aya ní òun kò rí i, ọ̀rọ̀ aya pẹ̀lú ìbúra ni a ó gbà, láti ọjọ́ tí ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò tàbí àwọn ènìyàn rere nìkan ló sọ ọ́ fún, ọ̀rọ̀ ọkọ pẹ̀lú ìbúra ni a ó gbà. Àáfà kì í ṣe adájọ́! Mo ti ka ibẹ̀ láti ìgbà èwe mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n rántí. Ọkọ búra. Adájọ́ dá owó oúnjẹ fún ìyá náà láti ọjọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ti ọdún méjì tí ó ti kọjá wọlẹ̀. Sùúrù tí mo kọ́ ọ ló jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Sùúrù dára. Ṣùgbọ́n sùúrù kò ní kéèyàn má fẹjọ́ sùn níbi tí ó yẹ. Sayyidina Umar kọ̀wé sí àwọn olórí ogun rẹ̀ nítorí àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀ lọ sójú ogun. Ó ní kí wọ́n fi nafaka ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí ó san èyí tí ó ti dá dúró. Umar kò ní kí àwọn obìnrin náà dákẹ́.

Ibi tí ẹjọ́ ń lọ

Súrà 4, aaya 35 ló kọ́kọ́ tọ́ wa sọ́nà: kí a yan alárinà kan láti ilé ọkọ, ọ̀kan láti ilé aya. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ sí i. Bí ọjọ́ bá pé tí nǹkan kò yí padà, ẹ lọ sí kóòtù.

Ìgbéyàwó nika, Éríà Kóòtù ló ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò gbé e lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti Sharia ti Ìpínlẹ̀ Kogí, tí òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 277, fún ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Mùsùlùmí. Kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ tí òfin dá kọjá o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó ní rìjísírì, Kóòtù Gíga ni, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Nítorí náà, irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Ìmúra

Èkínní, ẹ wá ẹ̀rí nika jáde: ìwé rẹ̀ bí ó bá wà, àti àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ bóyá ọkọ ti sọ tàláákà, àti ẹ̀ẹ̀melòó. Aboyún tí a kọ̀ sílẹ̀ ní nafaka títí yóò fi bímọ, Súrà 65, aaya 6.

Èkejì, ìwọ aya, kọ ohun tí ilé ń ná sílẹ̀: gaàrí, iṣu, aṣọ, owó ilé-ìwé, oògùn, àti gbèsè pẹ̀lú orúkọ ẹni tí o jẹ. Bí o kò bá mọ̀wé, kí ọmọ bá ọ kọ ọ́. Má bù kún un. Ìwọ̀n tí ó tó ni Ànábì sọ.

Ẹ̀kẹta, ìwọ ọkọ, sọ òtítọ́ nípa owó tí ń wọlé. Bí o bá ń gba owó oṣù, mú ìwé rẹ̀ wá. Bí o bá jẹ́ àgbẹ̀, sọ iye oko kajú rẹ, sọ iye ebè iṣu rẹ. Bí owó kì í wọlé àfi ìgbà kajú, sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́, kí ó lè wo bí ìwọ yóò ṣe máa fi iṣu àti àgbàdo kún un. Má fi oko pamọ́ sí orúkọ àbúrò. Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rò jù lè gba ìdájọ́ lórí ẹ̀tọ́ ẹnìkejì, ṣùgbọ́n ègé iná ni ó gbà. Adájọ́ kò rí inú, Ọlọ́hun rí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ń san owó, kí ó san án níṣojú ẹlẹ́rìí tàbí nípasẹ̀ bánkì, kí ó tọ́jú risíìtì. Ọlọ́hun tí ó ní ká kọ gbèsè sílẹ̀ ní Súrà 2, aaya 282, mọ̀ pé ọmọ ènìyàn a máa gbàgbé. Ẹni tí ó ṣojú rẹ̀ ni kí ẹ mú wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọmọ ní irọ́ sí bàbá tàbí ìyá rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, má fojú di ìwé ìpẹ̀jọ́. Tètè dé, dáhùn ohun tí a bi ọ́, má ṣépè, má bú àna. Bí a bá ní kí o búra, rántí Ẹni tí o ń fi búra.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bímọ pọ̀ kò lè má tún rí ara wọn. Ọjọ́ nika ọmọ yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ni a ó wá. Ẹ ro ẹjọ́ yín bí ẹni tí yóò tún jókòó pọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹnì kan kò ní jẹ ẹnì kejì ní irọ́ kankan.

Ọlọ́hun kí ó fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu, kí ó fi halali bọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó dárí àṣìṣe jì wá, àti ti èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí Ó jẹ́ ká ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Àmín.