Káńsù Ni Gbòǹgbò Ìjọba: Ohun Tí Onígbòǹgbò Fi Kọ́ Wa

 

Onígbòǹgbò, ní Ìkẹjà, la wà yìí, orúkọ ìlú náà sì ni mo fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn ọ̀rọ̀ mi. Ewé ni ojú ń rí lára igi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ló ń fa omi sókè fún un. Àbújá àti Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, ni ewé tí gbogbo wa ń wò, tí a ń torí rẹ̀ jà. Káńsù ni gbòǹgbò. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ tó sún mọ́ ara ìlú jù lọ ni a gbé lé ìjọba tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ lọ́wọ́, àwa ará ìlú gan-an sì ti gbàgbé pé tiwa ni.

Láti abúlé di ìgboro

Ilẹ̀ Àwórì ni ibí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà kí ọdún 1960 tó dé. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1967. Nígbà tó di 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń wọlé, ilé ń pọ̀ sí i, oko ń tán, títí abúlé fi di ìgboro.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè abúlé kò tán. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wà lára ohun tó bí wọn nínú. Wọ́n ní: owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa, ọ̀nà oko tó yẹ kí ẹ fi ṣe dà? Ẹni tó ń san owó ọjà lónìí, tí omi òjò sì ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ nítorí gọ́tà tó dí, ìbéèrè kan náà ló ń bi wá.

Ohun tí òfin kà sí káńsù lọ́rùn

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn, kíkó pàǹtí, títún ojú títì àdúgbò àti gọ́tà ṣe, sísọ títì lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sílẹ̀. Òun àti ìpínlẹ̀ ni yóò jọ máa bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọmọ ìkókó wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ọjà tí ìyá rẹ̀ ti ń rí owó oúnjẹ, kíláàsì tí yóò ti kọ́ a-b-d, títì tí yóò gbà lọ síbẹ̀, títí dé ibi tí wọn yóò sin ín sí lọ́jọ́ alẹ́: kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ káńsù kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà á rántí wọlé-wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ pé wọ́n wọ àdúgbò, yóò da omi àmù nù, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbá ẹ̀yìnkùlé. A bẹ̀rù wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a mọ ojú wọn, a mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Ìjọba tó ní ojú nìyẹn.

Ibi tí omi ti gé

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi fi gé lẹ́sẹ̀ gbòǹgbò yìí. Èkíní ni orúkọ. Káńsù 774 ló wà nínú òfin orílẹ̀-èdè. 20 ni ti Èkó. Ní 2003, ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú fi 37 kún un, ó di 57. Lára Ìkẹjà ni wọ́n ti gé Onígbòǹgbò àti Òjòdú. Nítorí èyí, ní 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn káńsù Èkó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún náà pé Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró. Ó ní ìpínlẹ̀ lágbára láti dá káńsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú òfin. Títí di òní, Ìkẹjà ló wà níbẹ̀, Onígbòǹgbò kò sí. Owó tí Àbújá kà fún 20 ni 57 ń pín jẹ. Ọmọ tí kò bá sì ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn.

Èkejì ni iṣẹ́. Òfin fi kíkó pàǹtí fún káńsù. LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀, ló ń darí rẹ̀. Òfin fi pátákó ìpolówó fún káńsù. Láti 2006, LASAA, àjọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ló ń bójú tó o. Owó tí onílé ń san lórí ilé rẹ̀, òfin Land Use Charge ti 2001 dà á pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀ yòókù sábẹ́ ètò ìpínlẹ̀. N kò sọ pé àwọn àjọ wọ̀nyí kò wúlò. Ìlú tó fẹ̀ tó Èkó nílò ètò tó so kọ́ra. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá lọ tí owó sì tẹ̀ lé e, kí ló kù fún káńsù láti fi hàn wá?

Ẹ̀kẹta ni àpò. Ọdún pípẹ́ ni àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti káńsù ti fi owó káńsù sábẹ́ ọwọ́ àwọn gómìnà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ bá a tààrà, àti pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ tí aráàlú kò dìbò yàn ṣàkóso káńsù. Ìdájọ́ ńlá ni. Síbẹ̀, kò kọ orúkọ Onígbòǹgbò sínú òfin.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ìdájọ́ kò lè gbẹ́ gọ́tà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n dìbò yan alága àti kánsẹ́lọ̀ jákèjádò Èkó. Mo wá bi yín: ta ni kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe bi í ní ìbéèrè?

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ onílé ń dáwó: wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà, wọ́n ń da òkúta sí títì, wọ́n ń ra ẹ̀rọ amúnáwá ńlá fún àdúgbò. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ iye tí ẹ ná sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí káńsù, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú ìṣúná ọdún yìí fún títì yín, fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín, fún ilé-ìwé àwọn ọmọ yín. Ẹ má lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kí ẹ sì sọ fún aṣojú yín ní Àbújá pé kò yẹ kí káńsù tí a dá sílẹ̀ láti 2003 ṣì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà òfin.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tó ń bomi rin ewé. Ìdí igi la ń da omi sí. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí igi.