Rẹ̀ Sílẹ̀: Ìka Ta Ló Wà Lára Fìtílà?



Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo gbé wá: rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá gba adé lórí ọba, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè nìyẹn. Bí ẹnìkan bá jalè, tọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú ọjà, ó tẹ́. Ẹni tó tẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, òun ni wọ́n ń wí fún pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Rẹ̀ sílẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo fìtílà. Lálẹ́, bí ọmọ bá ti sùn, ìyá rẹ̀ á fi ìka méjì yí etí fìtílà díẹ̀, òwú á wọlé, ìmọ́lẹ̀ á kéré. Ó rẹ iná sílẹ̀ ni, kò pa á. Epo ṣì wà níbẹ̀, òwú ṣì ń jó, ìka tó yí i sílẹ̀ sì lè yí i sókè. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti gbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń bèèrè pé: ìka ta ni?

Bí mo bá rẹ ara mi sílẹ̀ níwájú ẹni tó jù mí lọ, ìrẹ̀lẹ̀ ni, iyì sì ni. Bí ẹlòmíràn bá rẹ̀ mí sílẹ̀, ìwọ̀sí ni. Ẹ tẹ́tí sí i: rẹ̀ mí, ohùn ìsàlẹ̀, rẹ ara, ohùn àárín. Òfin èdè ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ń ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. Síbẹ̀, inú mi máa ń dùn pé ohùn náà ń gòkè níbẹ̀.

Èdè wa, èdè ìlú Kambolé ní Tógò, ńkọ́? Ní 1975, àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ Tógò mú Ewe àti Kabiyè wọ ilé ìwé gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè. Faransé ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Tem, èdè tí wọ́n ń sọ ní ìlú Sokodé, kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èdè Kambolé, tí wọ́n ń sọ ní Manigri náà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú wa. Ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ kò bá rí nínú ìwé, èdè ìdí ààrò ni yóò kà á sí.

N kò gbà fún àwọn tó ń sọ pé èdè wa ti tẹ́. Kí ló jí? Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, ó sì dùn mí pé kì í ṣe ìka ìjọba nìkan ló wà lára fìtílà náà.

Lọ́jà Sokodé, mo dúró ti ìyá kan tó ń ka iṣu fún oníbàárà. Ó fi èdè Kambolé ní kí ọmọ rẹ̀ mú agbọ̀n wá. Ọmọ wojú àwa tó dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi Faransé dáhùn. Ìyá kò bá a wí. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì dúró, iṣu lọ́wọ́, ó ń retí èsì.