Ẹ Ka Nọ́ńbà Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Jáde Nílé

  

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ibi méjì tí inú ti máa ń bí ènìyàn. Èkíní ni ilé ìfìwéránṣẹ́. Èkejì ni ìsọ̀ àwọn tí ń ta irin, ìṣó, páànù àti símẹ́ńtì, èyí tí wọ́n máa ń kọ «Quincaillerie» sí iwájú rẹ̀.

Ta ni kò tíì rí i rí? Ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ san owó ọkọ̀ dé ìlú. Ẹ tò sẹ́yìn ogún ènìyàn ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí ó kàn yín, ẹni tí ó wà lójú fèrèsé ní kí ẹ padà wá lọ́la. Ẹ kọjá sí ìsọ̀ irin láti ra irin kékeré kan fún kẹ̀kẹ́ yín. Ọlọ́jà kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, «Èwo nínú wọn?» Ẹ ní, «Èyí tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.» Ó ní, «Oríṣiríṣi ló wà níbí. Ẹ lọ wádìí nọ́ńbà rẹ̀ wá.» Ẹ padà sílé lọ́wọ́ òfo, ẹ ń bú ọlọ́jà, ẹ ń bú akọ̀wé.

Èmi náà ti bú wọn rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015 tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ohun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn èmi pàápàá.

Ní abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, àwọn ìyá kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi owó àjọ wọn ra ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Ní oṣù keje, nígbà tí àgbàdo tuntun ń wọlé, okùn rọ́bà tí ń yí ẹ̀rọ náà já. Okùn yìí ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní «courroie». Bí kò bá sí i, ẹ̀rọ kò lè lọ ohunkóhun.

Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí ìlú. Wọ́n ní kí ó mú okùn tó já lọ. Ó ní òróró ti kún ara rẹ̀, yóò ba aṣọ òun jẹ́ nínú ọkọ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ọlọ́jà bi í léèrè nọ́ńbà, ó na apá méjèèjì, ó ní, «Ó gùn tó báyìí.» Ọlọ́jà mú ọ̀kan fún un, ó san owó, ó padà wálé. Nígbà tí a fi í sí ẹ̀rọ, ó tú jọ̀wọ̀lọ̀. Ó gùn jù.

Ọmọkùnrin náà padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́jà na ìka sí ara ògiri. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ ní èdè Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní òun kò rí i nígbà àkọ́kọ́. Ọlọ́jà ní, «Ìwé ẹ̀rí owó rẹ dà?» Kò gba ìwé kankan. Ó tún gbé okùn náà padà wálé.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ru àgbàdo lọ sí abúlé kejì, kìlómítà méje ní àlọ, méje ní àbọ̀, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Ẹlòmíràn jí ní agogo mẹ́rin òru kí ó lè padà dé kí ọjà tó kún. Nígbà tí ìyá kan tí ó lóyún ṣubú lọ́nà, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, «Olùkọ́, ìwọ tí o mọ̀wé, bá wa wá nǹkan ṣe sí i.»

Mo rántí pé arákùnrin kan ní Kùtọ̀nú ni ó bá wọn ra ẹ̀rọ náà, àwọn ìwé ẹ̀rọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A pè é lórí fóònù. Ó ní òun yóò ra okùn náà ránṣẹ́. Kò fẹ́ fi í rán ọlọ́kọ̀, nítorí pé ẹrù rẹ̀ kan ti sọnù ní ibùdókọ̀ rí. Ó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni òun yóò gbà, kí n fún òun ní àdírẹ́sì.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo fún un ní nọ́ńbà àpótí ilé-ìwé tí ó wà ní ìlú. Mi ò rántí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti gba ìsinmi, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti mú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Mi ò ní kí arákùnrin náà kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ara ẹrù. Mi ò lọ béèrè.

A dúró ní ọ̀sẹ̀ kan, a dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbẹ̀yìn, mo ń fi ìbínú sọ̀rọ̀. Akọ̀wé bi mí pé kí ni nọ́ńbà ẹrù náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀gá ṣí àpótí, ó bá ìwé pélébé méjì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ «Avis» wà lórí wọn. Àkọ́kọ́ ní ẹrù ti dé. Èkejì ní ẹ wá mú un kíákíá. Nígbà náà, wọ́n ti dá ẹrù náà padà sí Kùtọ̀nú.

Mo wá sí abúlé láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìyá. Bí mo ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ, mo rí ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ igi. Okùn tí wọ́n fi so ó dúdú, ó sì nípọn. Okùn ẹ̀rọ tó já ni! Láti ọjọ́ tí ó ti já ni wọ́n ti fi so ewúrẹ́. Mo fi àkísà tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan yọ síta, funfun báláú: B 68.

Oṣù méjì ni a fi jìyà. Nọ́ńbà tí a ń wá wà lọ́rùn ewúrẹ́ lójú wa. Mo gbé èyí tí ọmọkùnrin náà rà wò. B 75 ni wọ́n kọ sí i.

Ìyá tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wò mí, ó ní, «Olùkọ́, ọmọ mi, ṣé ìwé tí o ń kọ́ wa yìí, ara pátákó dúdú nìkan ni ó wà ni?»

Mi ò rí èsì fún un. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ B 68 sórí ìwé, mo mú okùn tó já dání, mo lọ sí ìsọ̀ irin. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ń dún, àwọn ọmọdé ń jó níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe pé kí ẹ má bínú. Àwọn kan wà lójú fèrèsé tí kò ṣe dáadáa sí ènìyàn. Àwọn ọlọ́jà kan wà tí wọ́n ń rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò gba ẹrù padà. Ìwé àti nọ́ńbà ni ó ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ó ti ṣe é.

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́

Ẹ mọ àdírẹ́sì yín. Lẹ́tà méjì yìí, «B.P.», dúró fún àpótí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń pa lẹ́tà mọ́ fún ẹni tí ó san owó rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo àpótí ẹlòmíràn, tí ilé-ìwé ni tàbí ti ìjọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó máa ń ṣí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín. Bí gbogbo abúlé bá ń pè yín ní Ìyá Àgbà, ilé ìfìwéránṣẹ́ kò mọ Ìyá Àgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù yín kún un.

Bí ẹ bá rí ìwé tí a kọ «Avis» sí, ẹ má fi í dí ihò fèrèsé. Ẹ ka ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹrù kì í dúró títí láé. Ẹ mú ìwé náà àti káàdì ìdánimọ̀ yín dání, kí ẹ tètè lọ.

Bí ẹ bá ń fi ohun pàtàkì ránṣẹ́, bíi ìwé ìbí ọmọ, ẹ sọ pé «Recommandé» ni ẹ fẹ́. Owó rẹ̀ ju ti lẹ́tà lásán lọ, ṣùgbọ́n wọn yóò fún yín ní ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó bá ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ní lẹ́tà méjì níwájú, nọ́ńbà mẹ́sàn-án láàárín, àti lẹ́tà méjì lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ BJ ni ó wà lẹ́yìn, láti Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti jáde. Bí ó bá jẹ́ TG, láti Tógò ni. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí náà pa mọ́ bí owó. Bí lẹ́tà náà kò bá dé, òun ni ẹ ó fi béèrè, kí ẹ sì béèrè kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ní ìsọ̀ irin

Ẹ mú ohun tó bàjẹ́ dání. Bí kò bá ṣe é gbé, ẹ nù ún, kí ẹ ka ohun tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lára okùn ẹ̀rọ wa, B ni ó ń sọ bí okùn ti fẹ̀ tó. Nọ́ńbà 68 ni ó ń sọ bí ó ti gùn tó ní íǹṣì, ìyẹn nǹkan bí mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 73. Ẹ rí i pé íǹṣì méje péré ni ó wà láàárín 68 àti 75. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, apá kò lè wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá ń ra páànù, ẹ bèèrè nọ́ńbà tí a ń kọ báyìí: 15/100, 20/100, 35/100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, páànù náà sì nípọn tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí ogún, tàbí márùndínlógójì nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni páànù ṣe nípọn tó. Ẹ má ṣe san owó 20 kí ẹ gbé 15 lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ìkọ́lé. «Fer de 8» túmọ̀ sí irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́jọ, «fer de 10» jẹ́ mẹ́wàá. Mítà kan irin mẹ́jọ ń wọn nǹkan bí 395 gíráàmù, ti mẹ́wàá ń wọn nǹkan bí 617. Ẹni tí ó bá ní òṣùwọ̀n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti símẹ́ńtì, ẹ wo 50 kg lára àpò, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ igun àpò náà. Bí ó bá ti le bí òkúta, omi tàbí ọ̀rinrin ti dé ibẹ̀. Ẹ má gbà á.

Kí ẹ tó san owó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Bí ẹ bá san án tán, ẹ gba «facture». Ọjọ́, orúkọ ọjà, iye rẹ̀, owó tí ẹ san, àti òǹtẹ̀ ìsọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ kà á níbẹ̀, kí ẹ tó kúrò lójú ọlọ́jà. Kì í ṣe àfojúdi. Ọlọ́jà tòótọ́ kì í bínú sí i.

Bí ẹ bá dé abúlé yẹn lónìí, ẹ ó rí B 68 tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri ilé ẹ̀rọ. Olórí ẹgbẹ́ náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí ó ń kọ 8, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó lè kà á.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ kọ orúkọ yín bí ó ti wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì yín sí abẹ́ rẹ̀.

2. Ẹ wá ohun mẹ́ta nínú ilé yín tí nọ́ńbà wà lára wọn: táyà kẹ̀kẹ́, àpò símẹ́ńtì, tàbí ohun mìíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.

3. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni ohun tí, bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, yóò da iṣẹ́ ilé yín dúró? Ẹ ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ bí?