Kí Ọ̀rọ̀ Ilé Wa Má Baà Di Ti Oríta

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

Akọ̀wé wa ní kí n fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí a fẹ́ rà sí ilé ìkàwé ilé-ìwé wa. Wọ́n ní kí n má fi èdè àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dà yín láàmú. Ìyẹn rọrùn fún mi, nítorí iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, èmi kì í ṣe ẹnjiníà.

Gbogbo wa la mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí, a kàn ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń dá owó fún àwọn olùkọ́ wa tí ara wọn kò yá, ọ̀kan nínú wa kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, nọ́ńbà àkáǹtì wọn àti ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó lẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Inú rere ló fi ṣe é. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan fi pe ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa. Ó mọ orúkọ wọn, ó bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ó ní ẹgbẹ́ wa ló rán òun, pé kí bàbá ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Bàbá kà á fún un. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Ṣebí ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ tó ń dunni, ará ilé ẹni la máa pè é?

Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Pastebin bẹ̀rẹ̀ ní 2002 kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè máa fi iṣẹ́ wọn han ara wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ẹnì kan lẹ páásíwọ̀ọ̀dù àwọn oníbàárà Hotmail tó lé ní 10,000 síbẹ̀, gbogbo ayé sì kà á. Pastebin kọ́ ló jí i. Pátákó oríta ni. Ẹni tó bá ń kọjá lè dúró kà á, àwọn ẹ̀rọ tí ń wá ọ̀rọ̀ kiri náà lè kà á, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá àṣírí ni tàbí ìkéde.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí a gbé pátákó tiwa sínú agbo ilé tiwa. Nínú íntánẹ́ẹ̀tì, agbo ilé wà lóòótọ́. Láti 1996 ni ìlànà tí a ń tẹ̀lé títí di òní ti ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àwọn kan nínú 172, àti 192.168 tí ẹ ti lè rí lára ráútà yín. Ará ìta kò lè pe nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tààrà. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà pé, "Gbé mi lọ sí yàrá kẹta." Yàrá kẹta nílé ta ni?

Ẹ̀rọ tí ìgbìmọ̀ mú wá ni Raspberry Pi, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2012. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí a fẹ́ rà kì í sì í jẹ iná tó wátì 10. Orí rẹ̀ la ó gbé PrivateBin sí, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá lẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, fóònù yín fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di àdììtú kó tó fi í ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àdììtú náà wà ní ìparí líǹkì, lẹ́yìn àmì #, ohun tó bá sì wà lẹ́yìn àmì yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jí Raspberry Pi náà gbé lọ, àdììtú lásán ló gbé. Ẹ lè ní kí ọ̀rọ̀ náà pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ká ní àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá wà níbẹ̀ ni!

Ilé iṣẹ́ ìròyìn tí mo wà ti ń lo irú rẹ̀ láti 2022. Oníròyìn á kọ ìròyìn lókè, olóòtú á kà á nísàlẹ̀, kò sì ní jáde sí ìta. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bíi MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bà jẹ́ létí òkun Côte d'Ivoire, tí báńkì ń kígbe, tí gbogbo wa ń na fóònù sókè bí ẹni ń wá òjò, ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ láti yàrá dé yàrá lọ́dọ̀ wa.

Àmọ́ o, ó ní wàhálà tirẹ̀. Bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ lójijì, mẹ́mórì káàdì ẹ̀rọ náà lè bà jẹ́. Tiwa bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó ra bátìrì kékeré sí i. Èkejì, ọ̀pọ̀ ló ń rò pé nítorí pé inú ilé ni, a lè fi ọ̀nà sílẹ̀ láìtì. Irọ́ ni. Fóònù kì í gbà láti ṣe iṣẹ́ àdììtú yẹn bí ojú ìwé náà kò bá gba ọ̀nà HTTPS wá, nítorí náà ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ má san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tó ń jẹ́ WireGuard, tí fóònù yín yóò fi wọ agbo ilé láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni.

Ibi tí èmi àti ìgbìmọ̀ kò ti fohùn ṣọ̀kan rèé. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa gbé inú ẹ̀rọ yìí. Mo ní rárá. Ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ lé ara wa lọ́wọ́ ni, kì í ṣe àpótí ìṣúra. Bí líǹkì bá sọnù, ọ̀rọ̀ sọnù nìyẹn, kò sí ẹni tó lè ṣí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé ńlá tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù akọ̀wé máa wà níbẹ̀, kí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan síbòmíràn.

Ó ku ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kò lè ka àdììtú wa, àmọ́ bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ yí ètò náà padà, ó lè máa jí ọ̀rọ̀ ka láti ìgbà náà lọ. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, akọ̀wé wa, àti ẹnì kan láti inú àwọn àgbà tí kò sí nínú ìgbìmọ̀: àwọn mẹ́ta yìí ni mo dábàá. Ẹni kẹta yẹn ni a kò tíì rí. Alága, bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ilé yàn án lónìí kí a tó lọ jẹun. Mo ti ṣe tán láti gba ìbéèrè.