Ọkọ̀ Dísù Tí Agbára Rẹ̀ Ń Dín Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni a ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í wọ̀ ọ́ nínú wa, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

Àìsàn ọkọ̀ kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Nínú ìlú, ọkọ̀ náà yóò máa lọ geere. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní kú, kò sì ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí dírẹ́bà sì fẹ́ kí ó sáré tó 90 tàbí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. A ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí ń mu epo dísù, ó sì ti ṣe ọkọ̀ èmi fúnra mi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, mo kúrò ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀, mo ń lọ sí Ṣágámù. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó so Ìbàdàn mọ́ Èkó ni mo gbà, èyí tí ìjọba ṣí ní ọdún 1978. Ọkọ̀ mi jẹ́ ọkọ̀ dísù àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n dé Ògèrè, mo bọ́ sí apá òsì kí n lè kọjá tírélà kan tí ó kó símẹ́ǹtì. Bí mo ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni agbára lọ. Láti 100, ó di 80. Láti 80, ó di 60. Bọ́ọ̀sì kan wà lẹ́yìn mi tí ń tan iná tí ó sì ń fọn fèrè. N kò lè lọ síwájú, n kò sì lè padà sẹ́yìn. Ọlọ́run ni ó bá mi ṣe é tí dírẹ́bà tírélà náà fi rí mi, tí ó sì dín eré rẹ̀ kù kí n lè ráyè wọlé níwájú rẹ̀.

Mo yà sí etí ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, ara mi ń gbọ̀n. Mo jókòó fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo tún ṣí i, ọkọ̀ náà lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Kí n tó dé Ṣágámù, ó tún ṣe é. Ẹ fi ìdajì wákàtí yẹn sí ọkàn, nítorí a óò padà sí i.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kò ṣí nǹkan kan wò, ó ní pọ́ǹpù dísù ni ó ti bàjẹ́. A tú u, a gbé e lọ tún ṣe, mo sì san owó tí ó lé ní owó oṣù mi kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún wà ní etí ọ̀nà. Ó ní ó wá ku nọ́súlù. N kò dá a lẹ́jọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn bá rí lára ọkọ̀ àná ni wọ́n ń wá lára ọkọ̀ òní.

Kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì dísù ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Rudolf Diesel ni ó ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe epo náà títí di òní. Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg, ni èyí tí ó ṣe kẹ́sẹ járí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò ní. Atẹ́gùn ni yóò fà sínú, tí yóò sì tẹ̀ pọ̀ títí ohun tí ó tó ìwọ̀n ogún yóò fi wọ inú ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn yìí yóò ṣe gbóná ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo wẹ́wẹ́ sí i, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, epo tí ó tó àti atẹ́gùn tí ó tó ni orísun agbára rẹ̀, bí èéfín bá sì ti rí ọ̀nà jáde, kò béèrè ohun mìíràn.

Wàyí o, èéṣe tí àìsàn náà kì í fi í hàn nínú ìlú? Nígbà tí ọkọ̀ dísù kékeré bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, epo tí ó ń jó kì í tó lítà kan ní wákàtí kan. Bí ó bá ń sá 100 kìlómítà, yóò jó tó lítà méje ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀; bí ó bá sì ń fi ẹrù gun òkè, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atẹ́gùn tí ń ta ko ọkọ̀ ni olórí ohun tí ó fà á. Bí a bá sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí a óò fi la atẹ́gùn kọjá yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Àgbẹ̀ tí imú rẹ̀ dí lè jókòó sí abẹ́ igi kí ó ta ayò láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ gbé ọgọ́ta iṣu rù ú, kí ẹ ní kí ó gun òkè. Ìgbà náà ni ẹ óò gbọ́ èémí rẹ̀.

Èéfín ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Bí agbára bá ń dín tí èéfín dúdú sì ń tú, epo wà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò tó. Ó lè jẹ́ pé asẹ́ atẹ́gùn ti kún fún eruku ọyẹ́, tàbí kí rọ́bà tọ́bò ti ya. Tọ́bò ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára èéfín ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ya, ẹ lè gbọ́ ìró fùùù nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ń dín tí èéfín kò sí rárá, tí ọkọ̀ sì ń fà tí ó tún ń dúró bí ẹni tí òsúkè ń mú, ó dà bí pé ebi epo ni ó ń pa á.

Ọkọ̀ tèmi kò rú èéfín. Ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan tí ó ti dàgbà. Bàbá yìí kò gbé sípánà. Ó ní kí n tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, òun sì ń wo apá tí ó wà lórí pọ́ǹpù bóyá ó ń yí dé òpin. Nítorí okùn irin tọ́tù a máa fà, kápẹ́ẹ̀tì a sì máa ká sábẹ́ pẹ́dà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní àìsàn ju èyí lọ. Tèmi dé òpin. Ó na ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án, kí ó lè mọ̀ bóyá bíréèkì ń di èyíkéyìí mú. Kò sí èyí tí ó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tú ìdérí táńkì, ó sì tẹ́tí sí i. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọ inú táńkì láti rọ́pò epo tí ń jáde. Bí ojú ihò tí ó ń gbà bá dí, epo kò ní fẹ́ jáde mọ́. Ó tú ìsàlẹ̀ asẹ́ epo sínú ìgò funfun, a kò rí omi níbẹ̀. Ó pààrọ̀ asẹ́ náà, a gbé ọkọ̀ jáde, ó tún ṣe é.

Bàbá wò mí, ó ní, “Akọ̀wé, jẹ́ kí a bọ́ ọ láti inú ìkòkò mìíràn.”

Ó bu lítà márùn-ún dísù tí ó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó yọ rọ́bà tí ń bọ̀ láti táńkì kúrò lẹ́nu asẹ́, ó sì fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì. Rọ́bà tí epo àṣẹ́kù ń gbà padà, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni ó kì í bọ̀. Ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó há kẹ́ẹ̀gì sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn rọ́bà náà sì gba ojú fèrèsé jáde. Bí àwa méjèèjì ti bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ nìyẹn, tí àwọn èrò ń wò wá. 80, 90, 100, 110. Ọkọ̀ náà gun òkè láì ṣe àárẹ̀. Pọ́ǹpù tí mo fi owó oṣù mi tún ṣe kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá ṣì rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ni, à bá lè fura sí pọ́ǹpù tàbí nọ́súlù. Nígbà tí kò ti rẹ̀, àárín táńkì sí asẹ́ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

A tú táńkì. Ní ẹnu páìpù tí ń fa epo ni a ti bá ọ̀rá kan, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Gbogbo wa ni a mọ irú ọ̀rá yìí: òun ni àwọn tí ń ta epo fi ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí ìdérí rẹ̀ lè há. Mo rántí ọjọ́ tí epo wọ́n, tí mo ra dísù lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọmọ tí ń rọ ọ́ ń kánjú. Nínú ìlú, epo tí pọ́ǹpù ń fà kò pọ̀, ọ̀rá náà a sì máa rìn káàkiri bí ó ti wù ú. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìfà náà le, ó sì fa ọ̀rá mọ́ ẹnu páìpù. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì fún ìdajì wákàtí, ìfà yóò dẹ̀, ọ̀rá yóò sì já bọ́. Ohun tí ń wo ọkọ̀ mi sàn ní etí ọ̀nà nìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ìsinmi bá ń wò sàn báyìí, ẹ wo táńkì kí ẹ tó tú pọ́ǹpù.

Ti ọkọ̀ ìgbàlódé yàtọ̀. Láti ọdún 1997 ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti ń lo ètò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní common rail, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ lè dín agbára ọkọ̀ kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, yóò sì tan iná níwájú dírẹ́bà. Bí a bá pa á tí a tún ṣí i, agbára lè padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka àmì tí ó kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. P0087 túmọ̀ sí pé a kò fi agbára tó ti epo. P0299 túmọ̀ sí pé atẹ́gùn láti inú tọ́bò kò tó. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí P0299 kí ó má ṣe sáré lọ ra tọ́bò, nítorí rọ́bà kan tí ó ya lè fa àmì kan náà.

Ẹ má ṣe dán ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì wò lára irú ọkọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Agbára tí a fi ń ti epo nínú páìpù rẹ̀ lè ju ìlọ́po 1,000 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ, epo tí ó bá sì ta láti ojú ihò bíi ti abẹ́rẹ́ lè gún awọ wọ inú ẹran ara. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà má tilẹ̀ dùn ún.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, bí agbára bá lọ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni du iwájú mọ́. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ rọra bọ́ sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó gbé e lọ bá mẹkáníìkì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: eré mélòó ni ọkọ̀ ń sá? Ṣé òkè ni ó ń gùn? Báwo ni epo ti pọ̀ tó nínú táńkì? Irú èéfín wo ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn rí? Ṣé ìsinmi wò ó sàn? Bàbá yẹn bi mí ní gbogbo ìwọ̀nyí kí ó tó dìde lórí àpótí rẹ̀, owó iṣẹ́ tí ó sì gbà kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo ti ná tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rá náà nìyí lọ́wọ́ mi. N óò fi í ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá tí ó jókòó níwájú yìí. Kí olúkúlùkù wò ó, kí ó sì fi fún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lè béèrè nísinsìnyí.