Àtúnṣe Ikùn Tí Ó Di Gbágungbàgun Lẹ́yìn Fífa Ọ̀rá Jáde

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kàn ni wọ́n ń fi aṣọ bò ó mọ́ra. Ó dá lórí àwọn tí wọ́n lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó tàbí sí òkè òkun kí dókítà lè bá wọn fa ọ̀rá ikùn jáde, tí wọ́n sì padà dé ilé pẹ̀lú ikùn tí kò tẹ́jú: ibì kan lọ sínú bí kòtò, ibì kan yọ síta bí ebè, apá òsì kò sì bá apá ọ̀tún dọ́gba. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ná owó, ó ti jẹ ìrora, ojú sì ń tì í láti sọ fún ọkọ tàbí fún ìyá rẹ̀. Ohun tí ó sáàbà máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun tètè padà lọ kí wọ́n tún un ṣe. Ìkánjú yìí gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ ju àbùkù ara náà lọ.

Iṣẹ́ abẹ yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní liposuction, kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Láàrin ọdún 1974 sí 1979 ni Arpad Fischer àti Giorgio ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì, àti Yves-Gérard Illouz ní ilẹ̀ Faransé, fi í lélẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1985, Jeffrey Klein ní California, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ fi omi tí a pò mọ́ oògùn apàrora kún abẹ́ awọ kí a tó fa ọ̀rá, èyí sì dín ẹ̀jẹ̀ tí ń dànù kù púpọ̀. Dókítà yóò dá ihò kékeré sí ara, yóò ti ọ̀pá tín-ín-rín kan tí inú rẹ̀ ṣófo bọ abẹ́ awọ, yóò sì máa tì í síwá sẹ́yìn bí ẹ̀rọ ti ń fa ọ̀rá jáde. Ọwọ́ ni ó ń mọ ibi tí ọ̀pá dé; ojú kò rí i. Nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ dáradára lè fà jù níhìn-ín, kí ó sì fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ dókítà nìkan ni ẹ̀bi wà. Bí ọ̀pá bá sún mọ́ awọ jù, awọ yóò lẹ̀ mọ́ iṣan ìsàlẹ̀, yóò sì fà wọlé. Bí aṣọ tí a fi di ikùn bá ká lójú kan, ìlà ìká náà lè dúró sára. Omi lè sùn sí abẹ́ awọ. Èyí tí ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn abiyamọ ni pé awọ ikùn tí ó ti gba oyún mẹ́rin tàbí márùn-ún ti dẹ̀. Bí a bá fa ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ kúrò, awọ náà kò lè sún kì mọ́, ó di aṣọ tí ó tóbi ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Kò sí bí a ti lè fa ọ̀rá tó tí irú awọ bẹ́ẹ̀ yóò fi tẹ́jú. Àwọn ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdù pẹ̀lú ní láti gbọ́ èyí: ọ̀rá tí ó wà láàrin awọ àti iṣan nìkan ni ọ̀pá ń fà. Èyí tí ó yí ìfun ká nínú lọ́hùn-ún kò ṣeé fà rárá, oúnjẹ àti iṣẹ́ ara ni ó lè dín in kù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ dájúdájú ni pé ikùn tí a rí ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kì í ṣe ikùn tí yóò wà níbẹ̀ títí. Ara máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wíwú náà kì í sì í lọ lọ́gbọọgba. Ó lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ó tó rọlẹ̀ tán. Ibi tí ó le bí okùn lábẹ́ awọ lónìí lè rọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn dókítà tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í fẹ́ tún ọ̀bẹ fi kan ikùn bẹ́ẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, àwọn mìíràn a sì ní kí ó pé ọdún kan. Ẹni tí ó bá gbà láti tún un ṣe lóṣù kejì, owó ni ó ń wò.

Láàrin àkókò ìdúró yìí, iṣẹ́ wà láti ṣe. A ó máa wọ aṣọ tí ó há mọ́ ikùn, èyí tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀já tí àwọn ìyá ń fi di ikùn ọlọ́mọ tuntun, fún iye ọ̀sẹ̀ tí dókítà bá sọ, kí ó sì tẹ́jú láìká. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná, a lè máa fi ọwọ́ wọ́ ara náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òrí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí dára láti fi wọ́ ọ. Ó ń mú awọ rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè yọ́ ọ̀rá kankan. Bí omi bá sùn sábẹ́ awọ, dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ fà á. Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún pátápátá, àwọn ìyá àgbà ni kí ó sì gbọ́ ọ jù: omi gbígbóná tí a fi ń tẹ ikùn lẹ́yìn ìbímọ. Lẹ́yìn fífa ọ̀rá, awọ ikùn máa ń kú tipiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan, kò sì ní mọ̀ pé omi ń jó òun. Ẹni tí ó wá ẹwà lè ti ibẹ̀ gba àpá iná.

Bí àkókò bá pé tí ikùn kò sì tíì dọ́gba, oríṣi àbùkù ni yóò sọ irú àtúnṣe tí ó yẹ. Níbi tí ọ̀rá bá ṣẹ́kù tí ó yọ síta, a lè tún un fà pẹ̀lú ọ̀pá tí ó tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, díẹ̀díẹ̀. Èyí ni ó rọrùn jù láti gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ó le ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí àpá ti wà nínú ẹran ara, ó sì lè darí ọ̀pá sí ibi tí kò yẹ.

Níbi tí a ti fà jù tí ó di kòtò, fífi kún un ni àtúnṣe rẹ̀. Dókítà yóò fa ọ̀rá díẹ̀ láti itan tàbí ìbàdí ẹni náà, yóò sẹ́ ẹ mọ́, yóò sì fi abẹ́rẹ́ gbin ín sínú kòtò náà ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò hù. Ara yóò gba apá kan padà láàrin oṣù díẹ̀, nítorí náà ó lè gba ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí awọ bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, a ó kọ́kọ́ gé okùn àpá tí ó dì í mú, lẹ́yìn náà ni a ó fi ọ̀rá sí àlàfo náà kí wọ́n má baà tún lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rá ara ẹni fúnra rẹ̀ ni a ń lò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ òróró tàbí sílíkónì olómi sí ikùn, kí a sá fún un.

Ní ti awọ tí ó dẹ̀, gígé ni òògùn rẹ̀. A ó gé awọ tí ó ṣẹ́kù kúrò nísàlẹ̀ ikùn, a ó sì rán iṣan iwájú ikùn tí oyún ti là sọ́tọ̀ pọ̀. Àpá gígùn ni yóò fi sílẹ̀, láti ìbàdí kan dé èkejì, èyí tí awọ dúdú lè mú wú tàbí kí ó dúdú sí i. Obìnrin tí ó bá ṣì fẹ́ bímọ, kí ó bímọ tán ná. Ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ìró tí àwọn kan ń polówó lè mú awọ kì díẹ̀; wọn kò lè kún kòtò.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni gbogbo èyí, kí ó rántí Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, ó kú ní ilẹ̀ Sípéènì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó fa ikú. Ọ̀pá ìfọ̀rá ti wọ inú ikùn lọ, ó sì ti lu ìfun. Obìnrin tí kò sí ìtọ́jú tí agbára rẹ̀ kò ká ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Nítorí náà, kí a tó tún fa ọ̀rá ikùn kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kí dókítà yẹ ikùn wò dáadáa, kí ó sì fi ẹ̀rọ ayàwòrán wò ó bí ó bá fura pé ìfun ti yọ wá sí abẹ́ awọ níbì kan.

Ọ̀dọ̀ ta ni kí a lọ? Ẹ̀ka àtúnṣe ara wà ní UCH, Ìbàdàn, ó sì wà ní Ilé Ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó. NAPRAS ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Ó tọ́ kí a bèèrè bóyá ẹni tí a fẹ́ lọ bá wà nínú rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fi ẹ̀tọ́ fún aláìsàn láti mọ irú ìtọ́jú tí ó wà, ewu rẹ̀ àti iye rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn pa àkọsílẹ̀ mọ́. Kí ẹni tí ń lọ fún àtúnṣe béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́: ọjọ́ tí a ṣe é, lítà mélòó ni a fà, oògùn wo ni a lò. Kí ó mú àwòrán ikùn rẹ̀ ti ìṣáájú dání bí ó bá wà, kí ó sì sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tí ó bá ní, àti gbogbo àgbo tí ó ń mu, láìfi ọ̀kan pamọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí ni ikùn le gbagidi, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí ibà dé, tí èébì kò dá, tí ẹsẹ̀ kan wú tàbí tí èémí ń gé, ọ̀rọ̀ ẹwà ti kúrò nílẹ̀. Kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ní Ṣakí ní wákàtí náà gan-an, ní òru tàbí ní ọ̀sán, kí a sì sọ iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe fún dókítà níbẹ̀, kí ìtìjú má ṣe pa á mọ́ ọn lẹ́nu.