Ìrora Eyín: Irú Rẹ̀ àti Ìgbà tí ó Yẹ kí a Wá Ìtọ́jú

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé eyín kò tóbi nínú ara. Ṣùgbọ́n ẹni tí akokoro bá ti mú lóru mọ̀ pé kò mọ ìjòyè yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé: ìrora eyín tí ó dákẹ́ láìsí ìtọ́jú kì í ṣe ìwòsàn.

Àwọn baba wa gbà pé kòkòrò ni í jẹ eyín. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, títí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, fi tako èrò náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1728. Ní ọdún 1890, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣe àlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí tínńtínní tí ojú lásán kò lè rí ni í sọ ìyókù oúnjẹ inú ẹnu di ohun kíkan, ohun kíkan náà ni í sì í yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kò sí kòkòrò kan tí ẹnikẹ́ni lè fà jáde láti inú eyín kí ó sì fi hàn wá.

Eyín le lóde, ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ wà ní àárín rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí í gbọ́ ìrora. Bí ihò bá ti jìn sí ni ìrora í yàtọ̀ sí.

Èkíní ni èyí tí í ta wá bí abẹ́rẹ́ nígbà tí a bá mu omi tútù tàbí tí a bá jẹ ohun dídùn, tí ó sì tán lójú kan náà. Ó lè jẹ́ pé ihò kékeré ti wà níbẹ̀, tàbí pé ara eyín ti jẹ nítorí fífi agbára rin ín. Ìgbà yìí ni ìtọ́jú rọrùn jù: oníṣègùn a dí ihò náà, eyín a sì wà níbẹ̀.

Èkejì ni èyí tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbé omi gbígbóná tàbí omi tútù mì, tí í sì í jí ènìyàn lójú oorun, tí í lù bí ìlù nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹran inú eyín ni ó ti wú.

Ẹ̀kẹta ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ìrora a ṣàdédé dákẹ́, olúwarẹ̀ a sì máa dúpẹ́, láìmọ̀ pé iṣan inú eyín ni ó ti kú. Àìsàn náà kò kú. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, ó ń kó ọyún jọ, títí eyín kò fi ní gba ìfarakàn mọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì wú.

Èrìgì pẹ̀lú ní àìsàn tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nígbà tí a bá ń rin orín, kí a má fi ojú kékeré wò ó, nítorí pé àìsàn yìí lè mi eyín jìgìjìgì láìsí ìrora. Ó sì máa ń le jù lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran tí ó bo eyín ìkẹyìn, èyí tí í sábà hù láàrin ọdún 17 sí 25, lè wú, kí ẹnu má ṣeé là.

Ìrora mìíràn wà tí kì í ṣe ti eyín rárá. Ọ̀fìnkìn líle lè mú kí eyín òkè púpọ̀ máa ro lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sì ń ro ènìyàn, tí àyà ń fún un, tí òógùn ń bò ó, ó lè jẹ́ ọkàn ni. Kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a lọ? Bí ìrora bá ju ọjọ́ méjì lọ, kí a lọ. Bí ibà, ọyún tàbí wíwú bá wà, kí a lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí wíwú bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí ènìyàn kò lè gbé itọ́ mì, tí ahọ́n gbé sókè, tàbí tí mímí ṣòro, kí a má dúró de ojúmọ́. Èyí ni í pa ènìyàn.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí dára láti fi yọ ẹnu. Ṣùgbọ́n omi bátìrì àti epo òyìnbó a máa jó ẹran ẹnu ni, oògùn tí a sì rà ní ìsọ̀ láìsí àṣẹ oníṣègùn kò lè dí ihò. Orín àtá tí a jogún dára, bí a bá ń rìn ín dé gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu. Kí a sì fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride kún un, ní òwúrọ̀ àti kí a tó sùn.

Ẹ̀yin olórí wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé gbogbo ẹni tí ó bá lọ ni a óò yọ eyín rẹ̀. Ìpẹ́lọ ni ó sábà ń fa yíyọ. Àwọn oníṣègùn eyín wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó àti ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ṣíwájú, ìlú yóò tẹ̀ lé yín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.